Kubrick, Bọ̀dá Rìwáyà àti Sípíkà Tí Kò Ṣẹ̀

Ẹni tó bá ní rìwáyà ládùúgbò, kó má fi fíìmù Charlie Chaplin hàn wọ́n láìkọ́kọ́ gbé tẹ́sítà wọn pamọ́. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Inú ṣì ń bí mi, ẹ̀rín náà ò sì jẹ́ kí n bínú dáadáa.

Àwọn méjì kan wà ládùúgbò wa: Bọ̀dá Rìwáyà tó ń tún wáyà iná ṣe, àti Bàbá Ìbejì. Wọn kì í gbà fún ara wọn, ìbáà ṣe lórí bọ́ọ̀lù, ìbáà ṣe lórí gààrí. Lọ́tẹ̀ yìí, fíìmù mẹ́wàá tí Stanley Kubrick, olùdarí fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà nì, fẹ́ràn jù láyé ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn. Èmi ni mo gbé e débẹ̀. Mo ti kàwé díẹ̀ nípa ọkùnrin náà, mo sì ti ń wá ẹni tí màá dà á lé lórí, ẹnikẹ́ni ì báà má bèèrè.

Bó ṣe tò wọ́n fún ìwé ìròyìn Cinema ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963 nìyí: I Vitelloni tí Fellini darí ló ṣíwájú, Wild Strawberries ti Bergman tẹ̀lé e. Citizen Kane ló ṣe ìkẹta, lẹ́yìn náà The Treasure of the Sierra Madre, City Lights ti Chaplin, Henry V ti Laurence Olivier, La Notte ti Antonioni, The Bank Dick, Roxie Hart, kí Hell's Angels tó wá tì í lẹ́yìn.

Mi ò tí ì kà á tán tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Rìwáyà ní irọ́ ni, pé kò sí olùdarí fíìmù tórí ẹ̀ pé tó máa ka mẹ́wàá tí The Godfather ò ní sí níbẹ̀. Bàbá Ìbejì ní ohun tó dun àwọn ni pé kò sí fíìmù Yorùbá kankan ńbẹ̀, pé ṣé ojú ọkùnrin náà fọ́ tí kò fi rí Àjàní Ògún ni.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, 1963 la wà yìí. The Godfather jáde ní 1972, Àjàní Ògún ní 1976."

Bàbá Ìbejì wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé kò lè dúró dè é ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni iyàn lórí àkójọ olùdarí fíìmù ti máa ń dojú rú, títí kan láàárín àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé. Wọ́n á gbé àkójọ náà jáde, wọ́n á yọ déètì kúrò lára ẹ̀. Nígbà tí Kubrick kọ tiẹ̀ yìí, kò ju ọmọ ọdún 35 lọ. Fíìmù ẹ̀ Dr. Strangelove ò tí ì jáde, 2001: A Space Odyssey tóun náà jẹ́ tiẹ̀ ṣì ku ọdún márùn-ún. Oṣù Kẹta ọdún 1999 ló kú, a ò sì gbọ́ pé ó tún fún ìwé ìròyìn kankan ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ìwé tí ọ̀dọ́kùnrin kan yára kọ fún oníròyìn ṣe di ìwé ìhágún bàbá arúgbó nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà lórí àkójọ, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́, ẹ wo ẹni tó bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá olùdarí náà ló tò ó fúnra ẹ̀ ni, àbí àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ ló ṣà á jọ látinú ọ̀rọ̀ tó sọ káàkiri.

Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni, ọ̀wọ̀ mi ì bá ṣì pé. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Mo ní màá fi gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn wọ́n lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, kí kálukú dájọ́ fúnra ẹ̀.

Mi ò rò ó pọ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ro gígùn wọn pọ̀, ó lé ní wákàtí 17. Mẹ́rin nínú wọn ló ju wákàtí méjì lọ, The Bank Dick tó kúrú jù gan-an ju wákàtí kan lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nílẹ̀, lítà 4 ni táńkì ẹ̀ ń gbà, irú èyí tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ po epo ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹntiróò kí ẹ tó fà á, torí kò níbi tí epo ẹ́ńjìnnì ń gbé lọ́tọ̀. Ẹ gbàgbé láti pò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti ra jẹnẹrétọ̀ tuntun nìyẹn. Ọgbọ́n àgbọ́njù mi tún ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹwàá, kó lè máa dùn lọ sókè.

Ni a bá gbé Hell's Angels sí i. Howard Hughes, olówó nì, ló ṣe é. Fíìmù aláìlóhùn ló bẹ̀rẹ̀ ní 1927, kó tó parí, fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ ti gba ìgboro, ló bá tún gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ Norway ni, ohùn ẹ̀ ò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu, wọ́n bá fi Jean Harlow rọ́pò ẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú gidi ló ń jà lójú ọ̀run, ẹ̀mí èèyàn sì lọ sí i. Hughes a máa dá iṣẹ́ dúró nítorí pé kò sí ìkùukùu. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ roro, ọkọ̀ tó ń sáré burúkú á dà bí èyí tó dúró sójú kan, àfi bí ìkùukùu bá wà lẹ́yìn ẹ̀ tí ojú lè fi wọn ìrìn ẹ̀. Èmi gbà pé sùúrù yìí ni Kubrick rí tó fi mú un, torí ìtàn ìfẹ́ tó wà nínú fíìmù ọ̀hún ò ṣe é jẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibi tí mo bá ìkùukùu dé nìyẹn nígbà tí àwọ̀ ṣàdédé yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ẹ̀ ti wà ní dúdú àti funfun látàárọ̀, àfi lójijì tí aṣọ àwọn oníjó yọ pupa fòò.

"Tẹlifíṣọ̀n yín fẹ́ lọ," Bọ̀dá Rìwáyà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ya á nìyẹn. Ibi ijó nìkan, bí ìṣẹ́jú 8, ni wọ́n ya ní àláwọ̀ méjì, dúdú àti funfun ni wọ́n fi ya ìyókù. Nígbà tó padà di dúdú àti funfun, Bọ̀dá dìde: "Ẹ ò rí i? Ó ti lọ!" Apá ni mo fi dì wọ́n mú. Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà yẹn pé ọjọ́ náà ò ní sàn.

Roxie Hart kọjá wẹ́rẹ́. The Bank Dick ni Bọ̀dá Rìwáyà fẹ́ràn jù: W. C. Fields, ọ̀mùtí tí wọ́n sọ di ẹ̀ṣọ́ báńkì nítorí pé wọ́n rò pé òun ló mú olè. Níparí, olè tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ní kó gbé sítíarín-ìn fún òun, Fields bá fà á yọ, ó sì gbé e fún un. Bọ̀dá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Wọ́n ní èyí ló yẹ ní ipò kìíní, kí wọ́n má wulẹ̀ wo ìyókù mọ́.

La Notte ló wá tẹ̀lé e, tọkọtaya kan ní Milan tí ìfẹ́ wọn ti tutù, tí wọ́n ń rìn kiri títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàbá Ìbejì sùn. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n ti parí ìjà náà. Mo ní wọn ò tí ì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, sà. Wọ́n padà sùn, wọ́n sì sun Henry V mọ́ ọn.

Ó wá kan City Lights.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí. 1931 ni fíìmù yìí jáde, gbogbo Hollywood ti ń sọ̀rọ̀, Chaplin ní òun ò sọ. Orin tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló fi sí i, pẹ̀lú ariwo díẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣí aṣọ lójú ère tuntun ní gbàgede ìlú. Àwọn ọlọ́lá dìde láti sọ̀rọ̀. Ẹnu wọn ń lọ, ọwọ́ wọn ń fò, ohun tó sì ń jáde ni wíìn-wíìn-wẹ́ẹ̀n-wẹ́ẹ̀n, bí ìgbà tí ọmọdé ń fọn fèrè oníke. Yẹ̀yẹ́ ni. Chaplin ń fi fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀sín, ó tún ń fi àwọn olóṣèlú ṣẹ̀sín lọ́wọ́ kan náà.

"Twítà ti jó!" Bọ̀dá Rìwáyà ló pariwo bẹ́ẹ̀. Sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínrín jáde ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Kí n tó lanu, sípíkà ti dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bọ̀dá Rìwáyà yọ bátìrì inú rìmóòtù, wọ́n fi ẹnu wáyà kàn án, wọ́n sì yára gbé e kúrò. "Kọ́!" Ojú sípíkà sọ kúlú. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń dán sípíkà wò nìyẹn: bátìrì fóòtì 1.5 ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ kàn án díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e. Bẹ́ ẹ bá fi í síbẹ̀, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ̀, lè gbóná. Kọ́ìlì pé. Wọ́n dán ìkejì wò, òun náà pé. Wọn ò gbà. "Ẹ gbọ́ ohùn yẹn náà!" Wọ́n gé ẹnu wáyà, wọ́n bó o, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n dá a padà. Gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n ti ṣí aṣọ lójú ère, Chaplin ń sùn lé e lórí, idà ère ti há sí i ní ṣòkòtò, orin orílẹ̀-èdè ń dún, kò lè dúró, kò lè sọ̀kalẹ̀. Ìyá Ìbejì nìkan ló rí i, omi ẹ̀rín ń dà lójú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wọn rí ò jìnnà síbẹ̀. Ọmọbìnrin afọ́jú kan ń ta òdòdó, ó gbọ́dọ̀ gbà pé olówó ni aláìnílé tí Chaplin ń ṣe níbẹ̀. Báwo ni afọ́jú ṣe máa rò bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù tí ò lóhùn? Ó da Chaplin láàmú gan-an. Nígbà tó yá, ó ní kí aláìnílé náà gba inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dúró sí títì kọjá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọmọbìnrin gbọ́ ilẹ̀kùn, ó ní ọlọ́kọ̀ ló sọ̀. Ọlọ́kọ̀ gidi wá wọlé, ọkọ̀ sì lọ, ọmọbìnrin ní olówó òun ti lọ láìgba ṣéńjì. Ìwé Guinness ní ìgbà 342 ni wọ́n ya ìran náà. Kubrick, tí òun náà wá di ẹni tí òṣèré ń bẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́, ṣé kò ní fẹ́ràn irú èyí? Ìró ilẹ̀kùn kan tí àwa olùwòran ò gbọ́ ni gbogbo ìtàn náà dúró lé. Bó bá jẹ́ tèmi ni, òun ni ìkíní. Ẹ̀yìn Bọ̀dá Rìwáyà ni mo ṣàlàyé èyí fún.

Nígbà tí wọ́n dé e padà, orin di fẹ́lẹ́. Wáyà pupa ti wà níbi tó yẹ kí dúdú wà, lára sípíkà kan ṣoṣo. Ohùn kan náà ló ń jáde lápá méjèèjì fíìmù àtijọ́ báyìí. Tí sípíkà kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, tí ìkejì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n á pa ara wọn, básì, ìyẹn ohùn tó rinlẹ̀, á kú, ohùn á ṣófo. Bí a ṣe wo Sierra Madre nìyẹn, John Huston tó darí ẹ̀ àti bàbá ẹ̀ Walter tó ṣeré níbẹ̀ gba Oscar lórí ẹ̀, àwa ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá náà dáadáa. Atẹ́gùn gbé wúrà lọ níparí, Bàbá Ìbejì káwọ́ lérí bí ẹni pé tiwọn ni. Nínú Citizen Kane, bàbá arúgbó pe "Rosebud", kò kàn wá níbì kankan. Bọ̀dá ní, "Bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn náà nìyẹn."

Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kú sí. Bergman ò yọjú, Fellini ò yọjú. Ipò kìíní tí a torí ẹ̀ jọ jókòó látàárọ̀, kò sẹ́ni tó rí i lójú. Nínú òkùnkùn yẹn ni wọ́n wá jà lé e lórí jù. Bọ̀dá ní kò dáa tó The Bank Dick. Bàbá Ìbejì ní ó dáa jù ú lọ fíìfíì. Mo sọ fún wọn pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ò ṣiṣẹ́ ló wà níbẹ̀, nílùú kékeré kan létí òkun, tí wọ́n ń jẹun ilé. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú ọkọ̀, ó nawọ́ ìwọ̀sí sí àwọn tó ń tún títì ṣe, ó sì fẹnu pariwo sí wọn. Kò pẹ́, ọkọ̀ náà kú. Bàbá Ìbejì ní, "Wọ́n nà wọ́n?" Mo ní wọ́n lé wọn, sà. Wọ́n ní ó tó, àwọn ti wò ó.

Mo rò pé mo ti borí. Mo wá fẹ́ fi déètì gún un gúnlẹ̀, mo ní lẹ́yìn 1963 ojú Kubrick yí padà: ọ̀rẹ́ ẹ̀ Michael Herr kọ ọ́ pé ó ń tún The Godfather wò, tó ń ní àfàìmọ̀ ni kì í ṣe òun ló dáa jù tí wọ́n tíì ṣe. Bọ̀dá Rìwáyà ò fèsì. Wọ́n kàn rọra tan tọ́ọ̀ṣì sí ara wọn lójú kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo tún fi kún un pé ọmọ ẹ̀ obìnrin ní bàbá òun fẹ́ràn White Men Can't Jump, eré àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, tó jáde ní 1992. Fellini, Bergman, Antonioni, kí ó tó wá kan oníbọ́ọ̀lù. Ó fi ti oníròyìn fún oníròyìn, ó sì ń wo ohun tó wù ú nílé ẹ̀.

Bàbá Ìbejì ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí n mú bírò wá, àwọn náà fẹ́ ka mẹ́wàá. La Notte ni wọ́n fi ṣe ìkíní, wọ́n ní oorun tí àwọn sùn nínú ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́. Wọ́n ka mẹ́sàn-án, wọ́n ní kí n fi ìkẹwàá sílẹ̀ lófo.

"Kọ déètì sí i o. Kọ aago náà sí i."