Nígbà tí àwíjàre ayálégbé bá ń ta kora

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ohun tó sábà máa ń ba ẹjọ́ ayálégbé jẹ́ kì í ṣe àìní àwíjàre. Ó máa ń pọ̀ jù ni. Onílé fẹ́ lé e jáde, àyà rẹ̀ ń já, agbẹjọ́rò rẹ̀ sì ko gbogbo ohun tó bá bọ́ sí i lọ́kàn sínú ìwé kan ṣoṣo: n kì í ṣe ayálégbé, mo ti ra ilé náà, mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó ti di tèmi, nótíìsì tí wọ́n fún mi kò sì pé ọjọ́.

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń jẹ́wọ́. Ẹni tó bá ní nótíìsì ayálégbé tí wọ́n fún òun kò pé ọjọ́ ti gbà pé ayálégbé lòun. Ẹni tó bá ní òun ra ilé ti gbà pé ẹni tó tà á ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì ní pípẹ́ lòun fi gbà á, àfi kó fi hàn pé òun wà níbẹ̀ ní gbangba, láìdánu dúró, láìgba àyè lọ́wọ́ onílé, fún iye ọdún tí òfin sọ. Nínú òfin ilẹ̀ England ti ọdún 1980, ọdún 12 ni fún ilẹ̀ tí wọn kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí rìsíìtì owó ilé bá jáde láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ bàjẹ́, nítorí ẹni tó ń san owó ilé ti gba àyè.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ fa ìlà sáàárín ìwé. Ẹ kọ ohun tí oníbàárà yín sọ sápá òsì, kí ẹ kọ ohun tó jẹ́wọ́ sápá ọ̀tún. Èyí tí ọ̀tún rẹ̀ bá pa òsì òmíràn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò.

Òfin ò ní kí ẹ má gbé àwíjàre méjì kalẹ̀ o. "Mo ti san owó ilé tán, bí ilé ẹjọ́ bá sì rí i pé ó kù, nótíìsì kò pé ọjọ́": méjèèjì lè dúró. Èyí tí kò lè dúró ni ìtàn méjì lórí ohun tó ṣojú ẹni tó ń búra. Ó mọ̀ bóyá òun ra ilé tàbí òun ò rà á.

Bó bá tẹnu mọ́ ọn pé òun rà á, ẹ bi í: ọjọ́ wo? Ta ló wà níbẹ̀? Báwo lo ṣe san owó náà? Ṣé o tún san owó ilé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló di ẹ̀mí ẹjọ́ mú. Ẹni tó yálé, tó wá rà á, tí kò sì san owó ilé mọ́ láti ọjọ́ náà, ìtàn rẹ̀ gún.

Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé pé ayálégbé kò lè jiyàn, níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn ìyálégbé náà ṣì wà, pé onílé rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí ilé nígbà tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀. Abala 116 òfin ẹ̀rí Íńdíà ti ọdún 1872 ti sọ ọ́ gbangba kí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni òfin yìí dè é sí: bí onílé bá ti ta ilé náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ayálégbé lè sọ ọ́. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, sísẹ́ pé onílé ló ni ilé nìkan ti tó láti fi lé ayálégbé jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà lápá onílé, ẹ má kánjú. Bí ẹ bá pariwo ibi tí àwíjàre ayálégbé ti ta kora ní kùtùkùtù, ayálégbé lè tọrọ àyè láti tún ìwé rẹ̀ kọ. Ẹyin lohùn lóòótọ́, adájọ́ kì í sì í tètè gbà kí èèyàn kó ohun tó ti jẹ́wọ́ padà, ṣùgbọ́n ẹ má fún un láǹfààní. Ẹ wá lẹ́tà tó fi bẹ onílé pé kó tún òrùlé ṣe. Ní ọjọ́ tí ẹ máa bi í léèrè nílé ẹjọ́, ẹ fi hàn án: ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí i? Ta lo kọ ọ́ sí? Orúkọ wo lo pe ẹni náà nínú rẹ̀? Bó bá ti ka "onílé mi" jáde, ẹ jókòó. Ẹ má bi í léèrè ìdí.