Ife omi kan náà

Obìnrin kan já ife gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lónìí, torí pé ẹni tó ní kòkòrò HIV ló kọ́kọ́ fi mumi. Ó dùn mí gan-an. Itọ́, òógùn àti omijé kì í kó o ranni. Ẹ̀jẹ̀, àtọ̀, omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí àti wàrà ọyàn ló ń gbé e kiri. Ẹ̀fọn ńkọ́? Itọ́ rẹ̀ ló ń tu sí wa lára, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹni tó mu tẹ́lẹ̀. Kòkòrò HIV ń dà nínú ikùn ẹ̀fọn bí oúnjẹ ni.

Abẹ́rẹ́ tí ẹni méjì jọ lò, ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù: ibẹ̀ ni ká ṣọ́. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ sáré lọ gba oògùn ìdènà kí wákàtí 72 tó pé. Ọjọ́ 28 gbáko ni wọ́n ń lò ó, ẹ má dá a dúró láàárín.

Orúkọ "kògbóògùn" yẹn pàápàá ń ṣì wá lọ́nà. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kòkòrò náà ti dínkù débi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí i mọ́, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń bára wọn lò pọ̀.