Ẹ má dí etí àgọ́ pa lálẹ́ ọyẹ́

Ìbàdàn ni ilé mi, àmọ́ tí ọyẹ́ bá ti mú, igbó ìhà Ìdó ni ẹ ó ti bá èmi àti bàbá ọdẹ tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹtu àti ọ̀yà là ń wá.

Àgọ́ wa kò ní ìsàlẹ̀. Tapólì aṣọ ni, òpó kan láàárín, èèkàn yí i ká. (Ẹ má lo ti ọ̀rá o, bí iná bá ta sí i, á lu lójú ẹsẹ̀.) Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà tó ń dáná igi sínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù, ni mo bá ní kí wẹ́dà kan ní Mọ́kọ́lá fi irin pẹlẹbẹ ṣe sítóòfù kékeré fún mi, pẹ̀lú páìpù tó ń gbé èéfín jáde. Ó fi páànù yí ojú ibi tí páìpù gbà kọjá ká, kí aṣọ má baà jó. Mo fẹ́ràn àgọ́ yìí gidigidi: bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kò ba nǹkan kan jẹ́, ṣòkòtò tí ìrì rin á sì gbẹ kí a tó tún jáde.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, òtútù wọ̀ mí léegun. Mo wa iyẹ̀pẹ̀ dí etí àgọ́ yí ká. Nígbà tí igi jó tán, mo kó ẹ̀yinná sínú abọ́ irin, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Kò rú èéfín, ọkàn mi balẹ̀, mo sùn.

Ìgbà tí mo lajú, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi, ẹsẹ̀ kò gbé mi dìde. Bàbá ń ti ẹ̀yìn igbó bọ̀. Wọ́n fa èèkàn méjì tu, wọ́n wọ́ mi síta.

"Ta ló ní kí o sé ilé mọ́ iná?"

Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lóye nígbà tí a délé: carbon monoxide ni, afẹ́fẹ́ olóró kan. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó máa ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó sùn kì í sì í fura. Ẹ̀yinná tí kò rú èéfín yẹn gan-an ló ń tú u jáde.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yinná kì í wọ àgọ́ mi. Mo ń fi àyè ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, mo sì ń ṣí ìhò òkè sílẹ̀. Ìhò òkè yìí tún ń dín omi tó ń kán sí wa lára kù; èémí wa ló ń di omi lára aṣọ tútù, àgọ́ kò jò. Igi àyìn gbígbẹ ni mo ń kó, ó máa ń jó pẹ́. Síbẹ̀, irin pẹlẹbẹ kì í pẹ́ tutù bí iná bá ti kú, nítorí náà ẹ gbé kúbùsù tó nípọn dání. Kí ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tẹ́ ẹní, nítorí ìjàlọ.

Títí dòní, Bàbá kì í sùn láìjẹ́ pé wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ etí àgọ́, kí wọ́n mọ̀ ọ́n lára pé atẹ́gùn ń wọlé.