Ẹ wo omi kí ẹ tó wọ ọkọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ létí afárá Májídùn

Lóṣù Keje ọdún 2020, wọ́n ti apá kan afárá Third Mainland pa fún àtúnṣe, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó sì ya sí èbúté Ìpakodò. Àtúnṣe parí, ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n èmi ò padà sídìí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Máìlì 12 mọ́, àfi lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá ṣú mi síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó láti máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń wo omi.

Orí afárá Májídùn ni mo ti kọ́ ọ, torí ìtòsí rẹ̀ ni mò ń gbé. Odò Ògùn, odò Yemọja, tó ti apá Ṣakí ṣàn gba Abẹ́òkúta wá, ló ń gba ibẹ̀ wọ ọ̀sà. Oòrùn lè mú ganrínganrín ní Ìkòròdú kí omi náà má dára. Bí òjò bá ti pọ̀ lókè, tí wọ́n sì ṣí omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, ẹ ó rí i tí omi abẹ́ afárá á pọ́n, tí á máa sáré, tí á máa gbé igi àti ọ̀rá lọ. Igi tó rì díẹ̀, tí orí rẹ̀ kò yọ, ni kí ẹ bẹ̀rù jù, torí ọkọ̀ tó bá sáré kọlù ú lè dálu. Lọ́jọ́ tí mo bá rí irú omi bẹ́ẹ̀, mo máa ń bi atukọ̀ léèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí n tó sanwó. Ara Ìlàjẹ ni púpọ̀ nínú wọn, orí omi ni wọ́n dàgbà sí. Bí ẹ bá bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n á sọ òótọ́ fún yín.

Ewé tó ń léfòó káàkiri ọ̀sà nígbà òjò ńkọ́? Kì í ṣe ojúoro àti òṣíbàtà tí à ń fi súre. Àlejò ni, water hyacinth ni òyìnbó ń pè é, nínú àwọn ọdún 1980 ló wọ omi Èkó, iyọ̀ tó ń bá omi òkun wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pa á. Ó máa ń lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì títí ẹ́ńjìnnì á fi kú láàárín omi. Atukọ̀ á gbé e sókè, á fi ọ̀bẹ gé ewé náà kúrò. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ ní àkókò yẹn. Bí èrò bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti wò ó, ọkọ̀ lè dojú dé.

Bí ẹ bá ń lọ sí Fálọmọ, abẹ́ afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2013 lẹ ó gbà. Bó bá jẹ́ Èbúté Èrò ni, abẹ́ Third Mainland ni. Omi máa ń lọ́ nídìí àwọn òpó afárá, àwọn apẹja sì máa ń wà nítòsí nínú ọkọ̀ kékeré. Ó máa ń dùn mí gan-an bí ọkọ̀ wa bá sáré kọjá, tí ìgbì rẹ̀ ń da ọmọdé apẹja Mákòkó láàmú. Ẹ sọ fún atukọ̀ pé kó rọra. Ẹnu èrò máa ń ràn án.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì: èbúté ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, kí ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ fà á sókè wò. Bó bá yọ kọjá àgbọ̀n yín, ó ti tóbi jù, ẹ gba òmíràn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má pọn ọmọ wọ ọkọ̀. Ẹ gbé e sí iwájú, kí òun náà wọ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí ẹ sì kọ̀ láti wọ ọkọ̀ tí kò bá ní ti ọmọdé.

Àjọ NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójútó ọ̀nà omi, ti fòfin de ìrìnàjò alẹ́ lórí omi, síbẹ̀ ẹ ó rí ẹni tó ń pe èrò lẹ́yìn tílẹ̀ bá ti ṣú, pàápàá láwọn etí omi tí kì í ṣe èbúté ìjọba. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bí iṣẹ́ bá dá mi dúró di alẹ́, dáńfó ni mò ń wọ̀ padà sílé, bó ti wù kí Máìlì 12 dí tó.