Òjìji tí kì í ṣe ti ọpọlọ

Àwòrán MRI ọpọlọ kan, èyí tí ẹ̀rọ olóòfà yà, ni mo ń bá fà á látàárọ̀. Ẹni tó bá wò ó lásán kò ní rí àbùkù kankan, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà láti apá kan orí sí èkejì, ojú wa a sì máa gbójú fo irú èyí, tí mo ń pè ní òjìji. Kọ̀ǹpútà kì í gbójú fò ó ní tirẹ̀. Mo ní kó ya apá funfun ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára apá aláwọ̀ eérú, ó sì ka èyí tó funfun mọ́ eérú níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀.

Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà aláyìípo tó ń gba àmì láti orí, ló sábà máa ń fa òjìji yìí: ohun tó bá sún mọ́ ọn máa ń mọ́lẹ̀ ju ohun tó jìnnà lọ. Agbára òòfà ẹ̀rọ náà tún ń dá kún un. Ní tesla 7 (tesla ni a fi ń wọn agbára òòfà), ìgbì rédíò nínú ọpọlọ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 péré, kò sì lè tàn ká orí dọ́gba mọ́.

N4 ni mo lò, ìlànà ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń yọ irú òjìji yìí kúrò, èyí tí Tustison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010 láti fi tún N3 ti 1998 ṣe. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣì ń wú mi lórí. Ńṣe ni òjìji yìí ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán di púpọ̀ tàbí kó dín in kù, nípa ìsọdipúpọ̀. Tí a bá ti gba lọ́gárídíìmù, ìsọdipúpọ̀ á di àròpọ̀, ó sì ṣeé yọ kúrò.

Òjìji tí N4 bá yọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo àwòrán tó tún ṣe, nítorí pé àwòrán tó ti mọ́ máa ń tanni jẹ. Ó yẹ kí òjìji náà rọra dìde, kó rọra sọ̀ kalẹ̀, láìní ìrísí ọpọlọ kankan nínú. Àmọ́ aláìsàn yìí ní kókó, ibi tó wú yí i ká sì gbòòrò, ó ṣókùnkùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwọn ojú ìsopọ̀ òjìji náà, ìyẹn àwọn ibi tí ìṣirò ti lè tẹ òjìji sókè tàbí sísàlẹ̀, sún mọ́ra, láti rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Wíwú náà hàn kedere nínú òjìji! Àìsàn gan-an ni ìṣirò ń fọ̀ kúrò, bí ẹni ń fọ àbààwọ́n. Ó dùn mí láti rí i.

Mo ti mú àwọn ojú ìsopọ̀ náà jìnnà síra padà, mo sì ti yọ ibi tó wú kúrò nínú ohun tí ìṣirò ń wò. Òjìji àti àwòrán ni mo jọ fi pamọ́ sínú fódà kan, kí ẹni tó máa kà á lẹ́yìn mi lè rí ohun tí mo yọ àti ibi tí mo ti yọ ọ́.