Ẹ̀jẹ̀ Kún Ìhà Mi, Olúwa Kò Jẹ́ N Kú

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará! Ẹ dákun, ẹ yìn ín dáadáa, torí ẹni tó yẹ kí ẹ ti máa bá àwọn ọmọ rẹ̀ dárò ló ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé òyì ń kọ́ mi láti èṣí. Mo ṣubú nílé ìdáná, mo tún ṣubú lọ́jà. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí. Dókítà ọkàn ní ọkàn mi ń lù ní ìgbà 34 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ 60 sí 100 ló yẹ kó jẹ́. Ó ní àfi pésímékà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ láti mú kí ọkàn máa lù bó ṣe yẹ. Ẹ̀rù bà mí, àfìgbà tí àkọ́bí mi ka ìtàn Arne Larsson fún mi, ará Sweden tí wọ́n kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí sí lára ní 1958. Ọdún 2001 ló tó kú, lẹ́ni ọdún 86. Åke Senning tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ti ṣáájú rẹ̀ lọ! Mo ní kí wọ́n máa gbé mi lọ.

Wọn ò kùn mí lóorun pátápátá, ojú ibẹ̀ nìkan ni wọ́n pa kú, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Lábẹ́ eegun tó so èjìká mọ́ igbá àyà, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì ló fara kanra níbẹ̀. Ọ̀kan ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, òun ni wáyà ẹ̀rọ náà ń gbà wọnú ọkàn. Èkejì ń fi agbára tú ẹ̀jẹ̀ lọ sápá. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Òun gan-an ló gún. Mo gbọ́ tí dókítà ní "Há!" Ẹ gbà mí o, kò sóhun tó ń já èèyàn láyà tó "há" ẹnu dókítà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n eegun ti bo iṣan yẹn, ọwọ́ kò ká a. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó ti dá.

Kò dá. Inú ló ń ṣàn sí. Lóru, èémí ò délẹ̀ mọ́, ara mi tutù bí omi àmù. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ní ìfúnpá mi ń já wálẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Ọmọ yìí kọ̀ jálẹ̀, ó pe dókítà àgbà nílé. Ẹ́ksíréè fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró mi. Wọ́n ki rọ́bà bọ ìhà mi, ẹ̀jẹ̀ mi ń dà sínú ìgò lójú mi kòrókòró. Wọ́n tún gbé mi wọ tíátà, wọ́n rán iṣan náà.

Ta ló fún mi lẹ́jẹ̀? Ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ yìí, àti àwọn ọmọ gáréèjì tí ọmọ mi lọ bẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn ló jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!

Dókítà tó ṣèèṣì wá bẹ̀ mí, kò fi nǹkan kan pa mọ́ fáwọn ọmọ mi. Mi ò bá a jà. Ẹni tó ní kílẹ̀ mọ́ ni mo ṣì ń gbàdúrà kí n lè dárí jì.

Ọkàn mi ń lù geere báyìí. Wọ́n ní mi ò tíì gbọdọ̀ gbé apá òsì kọjá èjìká, kí wáyà má baà yẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ọwọ́ kan ni mo gbé sókè, ẹ má pè mí ní aláìmoore o. Onílù, ó yá!