Jọ́tà Bàámi, àti ọdún 2025 tèmi

Ẹ̀yin tá a ti jọ ń bọ̀ tipẹ́, ẹ mọ̀ pé tó bá ti di ìparí ọdún, màá kó gbogbo ohun tí mo lérí ní January síta, èyí tó bọ́ sí i àtèyí tí ò bọ́ sí i. Tọdún yìí ò lè rí bẹ́ẹ̀ torí oṣù kẹta nìkan ni mo rántí dáadáa. Láti July dé September, mi ò lè sọ ohun tí mo fi wọ́n ṣe.

Ọjọ́ Túsìdeè kan láàárọ̀ ni Bàámi ṣubú ní bálùwẹ̀. Apá òsì ò gbé mọ́, ẹnu ti yí. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, ó sì ti ń ru bọ̀ tipẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n lọ. Ẹ ti bá wa dárò, ẹ ṣeun, mi ò fẹ́ tún un sọ. Ohun tí mi ò sọ nígbà yẹn ni pé lọ́jọ́ tá a lọ ra pósí, ṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín nínú ìsọ̀ ọkùnrin yẹn, torí bó ṣe dárúkọ owó báyìí, ohùn Bàámi ni mo gbọ́ lọ́kàn mi, "Ọ̀gá, ṣé àwa méjèèjì la jọ máa sùn nínú ẹ̀ ni?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ná ọjà, ó máa yé yín. Bọ̀dá mi rò pé orí mi ti dàrú.

Ẹ rántí jọ́tà wọn, tí wọ́n máa ń kọ ohun tí kálukú wa lérí sí. Gbogbo alẹ́ 31 December, ká tó lọ sí àìsùn ọdún tuntun, wọ́n á ní ká jókòó, wọ́n á máa pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà (tíṣà ni wọ́n kúkú fi fẹ̀yìn tì), "Ìwọ, o ní wàá kọ́ mọ́tò wíwà, ó dà?" Wọn ò ní bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fa ìlà pupa sábẹ́ èyí tá ò ṣe, wọ́n á tún un kọ sójú ewé tuntun.

Lẹ́yìn ìsìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, Màámi kó jọ́tà yẹn lé mi lọ́wọ́. Mo mọ ojú ewé tèmi, mo mọ ti Bọ̀dá, mi ò mọ̀ pé Bàámi náà ní tiwọn lẹ́yìn pátápátá. 2023: "Lọ wo BP," ìyẹn ni pé kí wọ́n lọ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ìlà pupa. 2024: "Lọ wo BP." Ìlà pupa. 2025: "BP. Tọdún yìí, dandan." Ìyẹn ò tíì ní ìlà kankan lábẹ́.

Ilẹ̀ yàrá wọn ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó ń bi gbogbo wa léèrè, kò sẹ́ni tó bi òun náà. Kẹ́míìsì tó ń wo BP wà ní ìkóríta àdúgbò wa, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bàámi kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn ò sì kórìíra oògùn. Wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, wọn ò kọ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, wọn ò kọ ẹni tó máa bá wọn lọ. Mo ṣí ojú ewé tèmi, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo tèmi ṣe wà.

Oṣù karùn-ún ni mo tó lè lọ wo BP tèmi. 152/98. Nọ́ọ̀sì ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí n má sọ̀rọ̀, ó tún un wò, kò yàtọ̀. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, 150/96. Ó ní tó bá ti ń tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, kò dìgbà tí orí bá ń fọ́ni. Orí ò sì fọ́ mi rí. Dókítà kọ amlodipine 5 mg, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún mi, ẹyọ kan lójúmọ́, ó ní kí n máa rìn tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí iyọ̀ òòjọ́ má sì ju ṣíbí tíì kan lọ, tòun ti èyí tó wà nínú Maggi àti búrẹ́dì.

Bí mo ṣe pa ohun méje tí mo kọ ní January tì nìyẹn, fọ́ọ̀mù másítà o, mọ́tò o, àjọ o, gbogbo ẹ̀. Mi ò sì kọ "màá máa rìn," torí mo ti kọ ìyẹn lọ́dún mẹ́rin láìrìn. Ohun tí mo kọ ni pé tí mo bá ti gbọ́ ìpè ìrun àárọ̀ láti Sábó, màá lo oògùn, màá wọ bàtà. Ẹ̀yin ará Mọ́kọ́lá, ẹ mọ̀ pé ìpè yẹn kì í gbàgbé, kò sì bèèrè bóyá sọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Tí mo bá fi máa jáde, Ìyá Ìbejì tá a jọ ń rìn ti wà lẹ́nu géètì. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn, torí àwọn àárọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìtìjú pé wọ́n ti ń dúró ló gbé mi dìde.

Nígbà tí òjò June dé, mo pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, mo sì ti ń sọ lọ́kàn mi pé ó ti tán nìyẹn, torí ibẹ̀ ló máa ń tán sí lọ́dọọdún. Àbúrò mi tó wà ní London ló fi ìwádìí kan ránṣẹ́, àwọn University College London ló ṣe é, ó jáde ní 2010. Èèyàn 96 ni wọ́n tẹ̀ lé, wọ́n rí i pé nǹkan bí ọjọ́ 66 ló máa ń gbà kí nǹkan tó mọ́ni lára, ẹlòmíì 18, ẹlòmíì lè tó 254, àti pé téèyàn bá fo ọjọ́ kan, kò ba ohun tó ti ṣe bọ̀ jẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pa nǹkan tì ní February, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí. Mo wọ bàtà lọ́jọ́ kejì.

Màámi náà ti wo tiwọn, ó ga díẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló ń fa ìjà, wọ́n ní àwọn ò lè dàgbà tán káwọn wá máa jẹ ọbẹ̀ àtẹ́. A ti wá fi irú àti efinrin bẹ̀ wọ́n. Ní November, tèmi jẹ́ 128/82. Mo kọ ọ́ sínú jọ́tà, mo wá ń wo ojú ewé Bàámi.

Lánàá, mo ní kí Màámi jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, kí wọ́n pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà. Mo wá ní ká kọ ọ́ sí ojú ewé Bọ̀dá pé kí wọ́n lọ wo BP, torí Bọ̀dá ò tíì lọ títí dòní. Màámi gba bírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Má kọ ọ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Fúráìdeè, ọjọ́ kejì ọdún, èmi àti ìwọ la máa mú un lọ."